Ta ló bá yín ka ọjọ́ orí ẹ̀mí yín?

Mi ò tíì rí ẹnì kan tó gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí tán kó wá ní, "Ẹ̀mí tèmi, ọmọ ọwọ́ ni." Àgbà ni gbogbo wọn máa ń jẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ ni èyí tó ní ìpele márùn-ún ni ẹ̀mí ènìyàn ń là kọjá bó ṣe ń wáyé tó ń lọ: ẹ̀mí ọmọ ọwọ́, ẹ̀mí ọmọdé, ẹ̀mí ọ̀dọ́, ẹ̀mí tó ti gbó, ẹ̀mí àgbà. Wọ́n tún pín ìkọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méje, gbogbo rẹ̀ wá di 35. Agbègbè San Francisco ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1970 sí 1979, lọ́wọ́ àwọn kan tó ní ẹni àìrí kan tó ń jẹ́ Michael ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìpele kẹta, ẹ̀mí ọ̀dọ́, ni wọ́n ń pariwo lé lórí jù. Òun ni wọ́n ní ó máa ń lé owó, ipò àti orúkọ, tó fẹ́ borí ṣáá, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n tilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ orí ẹ̀mí tirẹ̀, pé ẹ̀mí ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn o. Àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní kò sí ìpele tó dára ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwa ṣe ń lò ó.

Ohùn kan ló gbé e dé orí WhatsApp ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Kútọnù ló fi ránṣẹ́, èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tọ́rọ̀ kàn ti mọ ara rẹ̀." Gbogbo wa la mọ ẹni tó kàn. Àbúrò wa obìnrin ni, èyí tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí a fẹ́ ṣe òkú ìyá àgbà ní Kétu, ó san owó tó kàn án, ó ní òun ò ní ra aṣọ ẹbí. Ó ní owó aṣọ ti wọnú owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe etí aṣọ, òun ò sì ní yọ ọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ á mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Bí iná bá lọ, á wọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kó lè máa fi ìmọ́lẹ̀ títì ríran. Ìwé kan wà lábẹ́ tábìlì, orúkọ àwọn tó gbé aṣọ lọ tí wọn ò sanwó ló kún inú rẹ̀, ó sì fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ àwọn tó jẹ́ ẹbí. Bí oníbàárà bá dé, á fi téépù wọ̀n ọ́n, á dá iye lé e, ó parí. Bí ẹni náà bá ń ná an, kò ní dáhùn, ìránṣọ ni yóò padà sí. Ó le lójú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í níyọ̀ nígbà mìíràn, mo ti bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí. Àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gbòmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń jẹun lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó fi ohùn ránṣẹ́ yìí náà ni. (Ìyẹn ò sí nínú ohùn.)

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀dọ́ ni ọmọ yìí, pé ó ń dá òkè gùn, àmọ́ òkè ni ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ tò sílẹ̀, pé kí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan máa dá a gùn. Ẹ̀mí ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń ka ìpele tirẹ̀, 35 ni yóò kà. Ẹbí dà níbẹ̀? Ìlú dà? Nígbà tí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Ìyábọ̀, ṣé ẹnì kan máa ń bèèrè ìpele tí bàbá àgbà bá a dé lọ́run? Ohun tí à ń wá ni bó ṣe ń rìn, àmì tó wà léjìká, bó ṣe ń wo ènìyàn. Ó padà sílé ni, sáàárín àwọn tó ni ín.

Ifá náà sọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tó ń wá ire: Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n jọ ń lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí lọ́run. Kò sẹ́ni tó bá èyíkéyìí nínú wọn wí pé ó fẹ́ dolówó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n dá orí mú, wọ́n mú èyí tó tóbi tó dára lójú, òjò pa á lọ́nà, ó sì ń ṣí dànù títí wọ́n fi dáyé. Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ oníbodè, ó bá Àjàlá san gbèsè tó fi í sá pamọ́ sí àjà, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a mú orí tó dára. Ire tí àwọn yòókù ń wá náà ló ń wá. Kò kàn dá a wá ni. Bí ẹ bá fẹ́ bá àbúrò mi wí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bá yín dá sí i.

Títo ẹ̀mí ní ìpele kúkú ti wà kí San Francisco tó gbọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Helena Blavatsky wà lára àwọn tó dá Theosophical Society, ẹgbẹ́ onímọ̀ awo kan, sílẹ̀ ní New York ní 1875. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1888, kì í ṣe ẹ̀mí nìkan ló tò, ó to àwọn ẹ̀yà ènìyàn náà, ó ní àwọn kan jẹ́ àṣẹ́kù ayé àtijọ́ tó ń kógbá sílé. Ó yẹ kí àwa ará Benin ṣọ́ra fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní Dàhòmì ìgbà Faransé, aláṣẹ agbègbè lè sọ ẹni tí wọ́n bá ti kọ mọ́ àwọn ará ìbílẹ̀ sẹ́wọ̀n láìgbé e dé kóòtù, títí di 1946. Bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn nìyẹn.

Kétu tí a ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ń dá tirẹ̀ ṣe wí. Ṣebí lálẹ́ ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, Ẹ̀fẹ̀, akọrin alẹ́ náà, máa ń jáde, á júbà àwọn ìyá wa, á wá gbẹ́nu lé ohun tí ènìyàn ṣe nílùú. Ahun gbọ́ tirẹ̀, olè gbọ́ tirẹ̀, olóṣèlú náà gbọ́ tirẹ̀. Ohun tí o ṣe ni yóò kọ lórin, kò ní wọ̀n ẹ̀mí rẹ. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ lè rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí alùpùpù sí lórí, tí gbogbo ayé ń wò ó, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń wù wọ́n.

Ní tèmi, ó yẹ kí ọmọ yẹn ra aṣọ ẹbí, ì báà ṣe gèlè nìkan. Òkú ìyá àgbà ni, kì í ṣe òde àríyá. Mo ti sọ fún un. Òun náà fún mi lésì, ó ní ìyá àgbà ló kọ́ òun láti má jẹ gbèsè. A bá ara wa jiyàn, kò sì tíì tán. Ó ṣeé jiyàn lé lórí, nítorí aṣọ ni, owó ni. Bí ẹ bá wá ní ẹ̀mí rẹ̀ ló kéré, èsì wo ló fẹ́ fọ̀? Kó lọ kú kó tún padà wá ni?

Títí di àárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì kọ nǹkankan sí orí WhatsApp náà. Ó ní òun ò tíì ráyè gbọ́ ohùn ọ̀hún, aṣọ Iléyá àwọn ènìyàn wà nílẹ̀.