Ẹ Yé Kọ Ọdún Sára Báńà

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá tún pè mí síbi àpérò lórí ààbò àyíká, tí mo bá omi inú ike kéékèèké lórí gbogbo tábìlì, mi ò ní lè panu mọ́ mọ́. Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣàsọdùn, kó dúró sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. Á rí ike omi tí wọ́n mu dé ọrùn tí wọ́n fi sílẹ̀. Á rí èyí tí wọ́n kàn ṣí ìdérí ẹ̀ tí wọn ò fẹnu kàn. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ á gbé bókẹ́ẹ̀tì kan àti ọ̀rá dúdú ńlá kan, wọ́n á máa da omi sí ọ̀tún, wọ́n á máa ju ike sí òsì. Omi tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá, tí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ mú tutù láti ìdájí, ó di ti gọ́tà. Báńà ńlá sì wà lókè pèpéle tó ń gbà wá níyànjú pé ká tọ́jú ilẹ̀ ayé.

Àga, tábìlì, aṣọ tábìlì àti àwo ni mò ń yá èèyàn l'Ékòó, nítorí náà mo máa ń débẹ̀ ṣáájú àlejò, mo sì máa ń kúrò lẹ́yìn wọn. Láti ibi tí mo dúró sí, ohun tí mo rí ni pé ọjọ́ ayẹyẹ kọ́ ni ilé-iṣẹ́ ń ba àyíká jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọjà ni, nígbà tí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó kọ 500 síwájú oúnjẹ, ó kọ 1,000 síwájú omi, ó kọ "tuntun" síwájú báńà. Bí ìwé yẹn bá ti jáde, kò sí ohun tí garawa ìdọ̀tí aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà lè ṣe sí i mọ́.

Báńà ló ń dùn mí jù. Flex tí wọ́n fi ń ṣe é, ike PVC ni. Kì í jẹrà. Tí wọ́n bá dáná sun ún, èéfín ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ èèyàn fà símú. Síbẹ̀, ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ayẹyẹ òpin ọdún lọ́dọọdún, tí àmì wọn ò yí padà, tí àwọ̀ wọn ò yí padà, tí wọ́n á tún tẹ báńà ẹ̀yìn pèpéle, báńà ẹnu géètì àti báńà ibi ìyafọ́tò, torí pé wọ́n fẹ́ kọ ọdún tuntun sí i. Ọdún tí wọ́n kọ sí i yẹn náà ló pa á. Ká ní wọn ò kọ ọ́ ni, wọn ì bá ká báńà náà, wọn ì bá tọ́jú ẹ̀ sí stóòrù, wọn ì bá tún gbé e kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí ni ọdún ń wá níbẹ̀ gan-an? Ta ni nínú àlejò ni kò mọ ọdún tó wà? Tó bá jẹ́ torí fọ́tò ni, ṣebí fóònù fúnra ẹ̀ ti ń tọ́jú ọjọ́ tí a ya fọ́tò.

Mo mọ ibi tí àwọn báńà wọ̀nyí ń gbà lọ. Ìyá kan wà tó ń ta ata rodo àti tàtàṣé níbi tí mo ti máa ń ra ọbẹ̀, báńà ni òrùlé àtíbàbà wọn. Ojú ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ kan ń rẹ́rìn-ín láti òkè wá sórí ata, orúkọ ayẹyẹ nìyẹn, ọdún nìyẹn, òòrùn ti fa àwọ̀ búlúù ẹ̀ dànù títí ó fi dà bí eérú. Àwọn fọ́kanáísà náà ń lò ó, àwọn tó ń gbé iyanrìn náà ń fi bo ọkọ̀. Ìyẹn dáa o, ó sàn ju kó dé àkìtàn lọ. Àmọ́ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ṣètò ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó tú pèpéle palẹ̀ ló fọgbọ́n ká a lọ tà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀bùn. Kọ́ọ̀pù, báàgì, fìlà, T-shirt, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ọdún gàdàgbà lára. Ta ló máa wọ T-shirt ìpàdé òṣìṣẹ́ 2023 lọ sóde lónìí? Ó ti di aṣọ ìnulẹ̀ tipẹ́.

Ti oúnjẹ wá jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí àṣà wa wọ̀ ọ́. Lójú Yorùbá, kí oúnjẹ ṣẹ́kù kì í ṣe ẹ̀sùn, kí oúnjẹ tán ni ìtìjú. Ẹni tó ń ṣe òkú bàbá ẹ̀ lè dáná fún 800 nígbà tó pe 400, kò ṣẹ̀, torí mo-gbọ́-mo-yà kì í gba ìwé ìpè. Èmi ò bá onínàáwó jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ibo ni mo-gbọ́-mo-yà máa gbà wọ ibi ayẹyẹ ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù yẹ kóòdù wò lẹ́nu ọ̀nà, tí orúkọ ẹ ò bá sì sí nínú ìwé, wọ́n á dá ẹ padà tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn? Ilé-iṣẹ́ mọ iye àlejò ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù, wọ́n ní ímeèlì. Síbẹ̀ wọ́n á sọ 500 fún ẹni tó ń bá wọn ṣètò, ìyẹn á sọ 550 fún alásè kí ojú má bàa tì í, alásè náà á fi tiẹ̀ lé e, àwọn tó máa wá jókòó ò ní ju 350 lọ. Ẹ̀rù oníkálukú ló kóra jọ sínú kúlà oúnjẹ.

Ní alẹ́, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti ń kan á di inú ọ̀rá dúdú, adìẹ á tẹ̀ lé e. Níta, àwọn dírẹ́bà àwọn ọ̀gá ti wà nínú ọkọ̀ láti ọ̀sán, ẹlòmíì ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Orúkọ tiwọn ò sí nínú kóòdù.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé oúnjẹ ò lè ba àyíká jẹ́ torí pé ó ń jẹrà. Oúnjẹ tó bá jẹrà lábẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ ò dé máa ń tú gáàsì methane jáde. Láàárín ogún ọdún, agbára tí gáàsì yìí ní láti mú ayé gbóná ju ìlọ́po 80 ti carbon dioxide lọ. Gáàsì yìí kan náà máa ń gbiná. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọjọ́ta kọjá ní oṣù Kẹta 2018, ẹ ò ní gbàgbé bí èéfín ṣe bo gbogbo àdúgbò nígbà tí àkìtàn Olúsosùn ń jó.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ò le. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi àlejò: ṣé ẹ ń bọ̀? Ẹni tí kò bá dáhùn, kí wọ́n yọ àwo ẹ̀ kúrò. Kí wọ́n kọ orúkọ dírẹ́bà, síkọ́ríìtì àti àwọn tó ń gbálẹ̀ mọ́ iye tí alásè máa dáná fún, kó má jẹ́ pé ìdí ìkòkò la máa wá fi ṣàánú wọn. Kí àdéhùn pẹ̀lú alásè sì jẹ́ iye àwo tó jáde, pẹ̀lú àlékún díẹ̀ fún ewu, kó má jẹ́ iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn alásè ò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi, mo mọ̀.

Ní ti ike, ìjọba Èkó ti gbé ìgbésẹ̀. Ní January 2024 ni kọmíṣọ́nnà fún àyíká, Tokunbo Wahab, kéde pé fóòmù tí a fi ń di oúnjẹ ti di èèwọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, wọ́n mú ife ike, sítírọ́ọ̀, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó 40 micron mọ́ ọn. Kí làwọn ilé-iṣẹ́ wá ṣe? Wọ́n gbé fóòmù sílẹ̀, wọ́n gbé ike funfun tó nípọn tó ní ìdérí, wọ́n ní ìyẹn ṣeé tún lò. Òótọ́ ni, ó ṣeé tún lò, tí èèyàn bá gbé e délé. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì ńkọ́? Ike tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló tún ń lọ sí Olúsosùn.

Àwo tánganran wà. Gíláàsì wà. Jọ́ọ̀gì omi wà, kúlà omi onígálọ̀ọ́nù wà. Ẹ̀yin á ní mò ń polówó ọjà mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń polówó ẹ̀, àmọ́ irọ́ kọ́. Àwo tí mo gbé síta ní òwúrọ̀, mo máa kà á kó tó wọ ọkọ̀ ní alẹ́, ẹni tó bá fọ́ ọ máa san án, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó tún wà níbòmíràn. Omi àti ọṣẹ la máa fi fọ̀ ọ́, mi ò sẹ́ ìyẹn. Tí ẹ bá sì fẹ́ èyí tí wọn ò ní fọ̀ rárá, ewé eran wà lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ tó ń sá fún mọ́ínmọ́ín elewé torí pé ó jọ ti ará oko, àwọn náà ló ń san owó gọbọi fún ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n fi ewé dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island.

Tí ike bá wá pọn dandan, ẹ pe àwọn tó ń kó o. Wecyclers ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí l'Ékòó láti 2012, àwọn mìíràn náà sì ti pọ̀. Àmọ́ ẹ pè wọ́n ṣáájú ayẹyẹ, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tó máa dúró ti àpò ike. Ike tí ọbẹ̀ ti ta sí, tó ti pò mọ́ egungun adìẹ àti tíṣù, kò sẹ́ni tó ń fi owó rà á.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí dísù, epo tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ń mu, níbi tí ariwo ti pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ 100 kVA tó bá ń gbé ẹrù kíkún lè mu 20 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Lítà dísù kọ̀ọ̀kan tó bá jó máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 carbon dioxide sáfẹ́fẹ́. Fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ ti ní nǹkan bíi 540 kílò, láti inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Wákàtí mẹ́wàá kọ́ sì ni ayẹyẹ fi wáyé. Ayẹyẹ wákàtí mẹ́ta ni! Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ti tan ẹ̀rọ ńlá torí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ń fẹ́ iná díẹ̀ láti fi rí ibi tí wọ́n ń kan ìṣó mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń tu àga òfìfo lára, tẹlifíṣọ̀n gàgàrà ẹ̀yìn pèpéle ń fi àmì ilé-iṣẹ́ han ògiri. Ẹ̀rọ kékeré kan tó fún iṣẹ́ òwúrọ̀. Kí ẹ sì bi àwọn tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá àti oníná léèrè iye iná tí irinṣẹ́ wọn ń fà kẹ́ ẹ tó yá jẹnẹrétọ̀, torí "kó má bàa kéré" náà ló ń pa wá níbẹ̀, bó ṣe pa wá nídìí ìkòkò. Ayẹyẹ ọ̀sán ní gbọ̀ngàn tó ní fèrèsé tún dára jù, àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ò ní gbà, iná aláwọ̀ mèremère ò ní hàn lọ́sàn-án.

Ti ìrìn àjò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kó àwọn ọ̀gá ẹ̀ka láti Kánò, Àbújá àti Port Harcourt wọ bàálù wá sí Lẹ́kí láti wá wo sláìdì, kó má wulẹ̀ ka ike omi. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dé, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín láìkó èrò jọ, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 sì ti fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín fún gbogbo ayé láti ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá onípìn-ín kan ò fẹ́. Wọ́n ní àǹfààní kí wọ́n dojú kọ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, ìyẹn sì tọ́. Àmọ́ ìwé ìròyìn ọlọ́pọ̀ ojú ewé tí wọ́n tẹ̀ fún gbogbo wọn, tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí àga, a lè gbà pé kò wúlò.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ àwọn ti fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà ISO 20121, ìlànà àgbáyé fún ṣíṣe ayẹyẹ láìba àyíká jẹ́, èyí tó jáde lásìkò Olympic London 2012, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024. Inú mi dùn. Nínú ìlànà yẹn, láti ìgbà tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí kan àwọn tí ẹ ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo wá rí níbi ayẹyẹ wọn ni bírò onípáálí àti igi mẹ́ta tí ọ̀gá fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun gbìn níwájú kámẹ́rà.

Tí ẹ bá bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìwé ọjà léèrè, wọn ò burú. Wọ́n á sọ fún yín pé owó tí wọn ò bá ná tán lọ́dún yìí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ti ọdún tó ń bọ̀. Ta ló máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé owó ẹ̀ka ẹ̀ kù? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 1,000 síwájú omi. Ọ̀gá tó bá lè kọ̀wé sí wọn pé ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ nínú owó ayẹyẹ, tiwọn ni, kí wọ́n fi ra ohun tí ẹ̀ka wọn nílò, á ti ṣe ju àwọn igi mẹ́ta yẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìrajà, ṣé bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín náà nìyẹn, àbí ti àwọn tí mo mọ̀ nìkan ni?