Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo sítáǹpù àtijọ́ ni ó lówó lórí

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwa ará Ìlọrin àti Ọ̀ffà, pé kí ẹni tí ó bá rí sítáǹpù nínú àpótí ìwé bàbá rẹ̀ bó o kúrò lára àpò lẹ́tà, kí ó sì fọ òǹtẹ̀ dúdú tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sórí rẹ̀ nù, nítorí pé bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Penny Black ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1840, ni sítáǹpù àlẹ̀mọ́ àkọ́kọ́ láyé, ṣùgbọ́n nítorí pé iye tí wọ́n tẹ̀ tó mílíọ̀nù 68, a ṣì ń rí i rà títí di òní. Ti British Guiana (tí í ṣe Guyana lónìí) ti 1856, tí ẹyọ kan ṣoṣo péré ṣẹ́kù tí a mọ̀, ni wọ́n tà ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 9 dọ́là ní 2014.

Ẹni tí ó ń kó sítáǹpù jọ fún ìgbádùn lè tò ó bí ó ti wù ú, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Onímọ̀ sítáǹpù ní tirẹ̀ a máa ka àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ sítáǹpù, a máa gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti wo àmì inú bébà, a sì máa ka ìlú àti ọjọ́ tí ó wà nínú òǹtẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, sítáǹpù Northern Nigeria, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1900, tí òǹtẹ̀ Ìlọrin ṣì hàn ketekete lórí àpò lẹ́tà rẹ̀, ìtàn ìlú wa ni; ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ ti pa ìtàn náà rẹ́.

Ẹ fi tiyín wé ohun tí ó wà nínú ìwé Stanley Gibbons, èyí tí ó to orúkọ àti iye owó àwọn sítáǹpù, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì jọ̀wọ́ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín.