Ẹ Wá Bá Wa Jà Lórí Ìwé Tẹ́ Ò Tíì Kà Tán

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ òṣèlú. Ẹ sáà ní, "Ìwé Stieg Larsson yẹn, ṣé ó tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ ṣá?" Kẹ́ ẹ tó gbé ife kọfí yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti di bó ò lọ o yàgò fún mi.

Orúkọ ìwé ni wọ́n fi ń ṣí agbo. Män som hatar kvinnor ni wọ́n ń pè é ní Swídìn, ìyẹn "Àwọn Ọkùnrin Tó Kórìíra Obìnrin". Ọdún 2005 ló jáde. Larsson, ọmọ Swídìn tó kọ ọ́, ti kú ní November 2004, lẹ́ni ọdún 50, kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ariwo náà. Àwọn Faransé rọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀: wọ́n ní àwọn ọkùnrin ọ̀hún "kò fẹ́ràn" obìnrin. Nígbà tó máa fi dé Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 2008, ọkùnrin ti pòórá lẹ́yìn ìwé, ó di The Girl with the Dragon Tattoo, ìyẹn "Ọmọbìnrin Tó Fín Dírágónì Sára". Dírágónì tó gba gbogbo ẹ̀yìn Lisbeth Salander, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, lédè Swídìn sì súnkì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ká jọ sí èjìká. Ẹ gbà mí o! Wọ́n fi dírágónì sọ ìwé lórúkọ, wọ́n tún gé dírágónì kúrú. Inú bí Steven Murray tó túmọ̀ rẹ̀ sí bí wọ́n ṣe tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ló bá ní kí wọ́n kọ Reg Keeland síbi tó yẹ kí orúkọ òun wà.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbólóhùn tí kò bá dùn, "ìtumọ̀ ló bà á jẹ́". Ẹ bi í bóyá ó gbọ́ èdè Swídìn: IKEA, ilé ìtajà àga àti tábìlì àwọn ará Swídìn, nìkan ló mọ̀.

IKEA yìí kan náà ló sì ń dójú ti àwọn tó ń bú ìwé ọ̀hún. "Ìwé wo ló ń ka àga bí ẹni ń já ẹrù!" Lóòótọ́, Salander ra sófà Karlanda méjì àti àga Poäng márùn-ún, pẹ̀lú òkìtì ẹrù mìíràn. Àmọ́ inú ìwé kejì tó tẹ̀ lé èyí ló ti rà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ìwé kìíní ni kọ̀ǹpútà: ó ka PowerBook ilé iṣẹ́ Apple, bí agbára ìrántí rẹ̀ ṣe tó (960 MB) àti bí ibi ìkópamọ́ rẹ̀ ṣe tó (60 GB), àfi bí ẹni tí wọ́n háyà kó wá polówó ọjà. Ti kọfí tí wọ́n ń mu ṣáá nínú ìwé náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí àwọn ará Swídìn ṣe ń mu ún nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni ẹgbẹ́ "mo gbìyànjú, kò wọlé". Ẹjọ́ oníròyìn kan, Mikael Blomkvist, ló kọ́kọ́ pàdé wọn: ó ba olówó kan tó ń jẹ́ Wennerström lórúkọ jẹ́, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹbí Vanger dé, àwọn olówó tí Blomkvist lọ bá wá ọmọ wọn tó sọnù, tí wọ́n pọ̀ débi pé ìwé fúnra rẹ̀ ya igi ìdílé wọn fún òǹkàwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sùn. Wọn kò dé orí afárá tí ọkọ̀ epo dí lọ́jọ́ kan ní September 1966, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi mọ́tò wọ erékùṣù tàbí jáde, tí Harriet, ọmọ ẹbí Vanger tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, sì di àwátì. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ọbẹ̀ inú ilé kò níyọ̀.

Iyọ̀ wà níbi fọ́tò. Níbi ìwọ́de Ọjọ́ Ọmọdé lọ́jọ́ yẹn kan náà, Harriet rí nǹkan kan lódìkejì títì, ojú rẹ̀ sì yí padà bìrí. Blomkvist kò yìnbọn, kò lé ẹnikẹ́ni. Ó lọ tú fíìmù fọ́tò ọdún 37 sẹ́yìn jáde nílé ìwé ìròyìn, ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó rí obìnrin kan lẹ́yìn ọmọ náà tí òun náà ń ya fọ́tò. Ìlẹ̀mọ́ kan lára mọ́tò wọn, tí kò tilẹ̀ hàn tán, ló tọ̀ dé Norsjö, ìlú kékeré kan ní àríwá Swídìn. Mi ò tíì rí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tó dùn jù yìí. Wọn kì í sì í jà lórí àléébù ìwé náà gangan: wọ́n ti rí apànìyàn (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), ìwé ṣì ń padà sórí Wennerström, orí lẹ́yìn orí, bí àlejò tó ti dágbére tí kò kúrò lẹ́nu géètì. Obìnrin mẹ́ta ló sì kó sọ́wọ́ Blomkvist, nínú ìwé tó ní òun ń jà fún obìnrin.

Nígbà mìíràn ẹnì kan á dìde, á béèrè ìbéèrè gidi. Ìwé yìí kọ ọ́ síbi tí apá kìíní ti bẹ̀rẹ̀ pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Swídìn ni ọkùnrin ti halẹ̀ mọ́ rí. Ṣé ó wá yẹ kó ṣàpèjúwe ìfipábánilòpọ̀ bí ẹní ń wo ìran? Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Wọ́n á mu kọfí díẹ̀. Ẹlòmíràn á wú ikọ́, á ní, "Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ta ló ṣe Salander dáadáa jù, Noomi Rapace ti 2009 àbí Rooney Mara ti 2011?" Ìjà á tún gbiná, ohùn ẹni tí kò ṣí ìwé náà rí lá sì ròkè jù.