Wọ́n lù mí ní jìbìtì, kọ́ọ̀tù ni mò ń lọ: àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

"Ọkùnrin yẹn purọ́ fún mi kí n tó buwọ́ lùwé. Àdéhùn tí irọ́ bí kì í ṣe àdéhùn. Tí àdéhùn bá sì ti kú, ibi tí a kọ ọ́ sí pé arbitration la ó gbé ẹjọ́ lọ ti bá a kú nìyẹn. Kọ́ọ̀tù ni mò ń lọ."

Ó dùn ún gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: arbitration kì í ṣe ìlàjà o. Onílàjà á bẹ tọ̀tún tòsì, ẹni tí kò bá gbà lè gbọn aṣọ rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tí ẹ jọ fọwọ́ sí pé kó gbọ́ ẹjọ́ yín ní arbitration, ìdájọ́ ló ń dá, ìdájọ́ náà sì de ẹ̀yin méjèèjì. Adájọ́ àyàn ni n ó máa pè é níbí.

Lọ́dún 1967, ẹjọ́ àwọn ọlọ́dà méjì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Prima Paint ti ra òwò ọ̀dà lọ́wọ́ Flood & Conklin, wọ́n sì ṣàdéhùn pé kí Flood & Conklin máa gba àwọn nímọ̀ràn. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lùwé, Flood & Conklin sáré lọ sí kọ́ọ̀tù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Prima Paint fárígá: ẹ ní ara yín le nígbà tí a ń bọwọ́, irọ́ lẹ pa, kọ́ọ̀tù ni yóò dá a fún wa. Ìdájọ́ tí Adájọ́ Abe Fortas kọ kò gbè wọ́n. Ó ní bí ẹ bá ń sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba àdéhùn náà lódindi, adájọ́ àyàn ni kó gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìpínrọ̀ tó dárúkọ adájọ́ àyàn gan-an ni wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ yín, kọ́ọ̀tù yóò dá sí ìyẹn. Adájọ́ Hugo Black ò gbà rárá. Ó ní ẹni tó lè má jẹ́ lọ́yà ni wọ́n fẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ òfin bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Èmi ò dá Black lẹ́bi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, àmọ́ òun kọ́ ló borí.

Ẹ mú ẹ̀pà tí a kò tíì bó. Hóró méjì ló wà nínú èèpo kan. Kòkòrò lè ti jẹ ọ̀kan di lẹ́búlẹ́bú kí èkejì ṣì le koko. Bí òfin ṣe ń wo ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ nìyẹn: hóró kan jẹ́ òwò tí ẹ jọ fẹ́ ṣe, èkejì jẹ́ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ bí òwò bá dàrú. Ẹni tó purọ́ fún yín nípa bí ẹ́ńjìnnì ṣe dára tó, hóró àkọ́kọ́ ló bà jẹ́. Kò purọ́ kankan fún yín nípa ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́.

Lọ́dún 2007, ohun kan náà ni House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ ní London nínú ẹjọ́ Fiona Trust. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Rọ́ṣíà ní owó ẹ̀yìn ni wọ́n fi gba àdéhùn tí wọ́n fi háyà ọkọ̀ àwọn. Lord Hoffmann ní bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìpínrọ̀ adájọ́ àyàn ṣì dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló fi ayédèrú ìbuwọ́lùwé yín sí i, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ẹ ò gba ohunkóhun nígbà náà. Kòkòrò ti jẹ hóró méjèèjì.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀? Láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó fúnra wọn ni. Ní 1880, nínú ẹjọ́ Russell àti Russell, Adájọ́ George Jessel sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì kàn lè ní kọ́ọ̀tù gbangba lòun fẹ́, kí gbogbo ayé lè gbọ́ bí òun ṣe mọ́. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ni àǹfààní yẹn. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo "olè!" kó lè bọ́ nínú ohun tó fọwọ́ sí. Òfin arbitration ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ jìbìtì ní kọ́ọ̀tù, èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1996 kò gbé e wọlé mọ́. Àmọ́ ìwé òfin àtijọ́ kì í tètè kúrò lórí pẹpẹ lọ́yà.

Ní Nàìjíríà, mo gbà pé ìgbàgbọ́ náà rí ẹsẹ̀ díẹ̀ fi dúró. Nínú ẹjọ́ tí àjọ ìjọba Kano kan bá Fanz Construction ṣe, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1990 pé ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í ṣe ti adájọ́ àyàn. Òótọ́ ni, adájọ́ àyàn ò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí EFCC ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n "ó purọ́ fún mi, kó dá owó mi padà" jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, adájọ́ àyàn sì lè dá a. Òfin arbitration tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní May 26, 2023, sọ ọ́ ní abala 14 pé ìpínrọ̀ adájọ́ àyàn dá dúró. Abala 5 ní kí kọ́ọ̀tù dá yín padà sọ́dọ̀ adájọ́ àyàn bí ẹnì kejì bá béèrè, kò gbọdọ̀ kọjá ìgbà tó kọ́kọ́ fèsì sí kókó ẹjọ́. Ẹni tó bá ti jókòó rojọ́ tán kó tó rántí, ó ti pẹ́ jù.

"Àmọ́ P&ID ńkọ́? Ṣebí jìbìtì ló gba Nàìjíríà!" Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Àdéhùn gáàsì ti Calabar ni, ilé iṣẹ́ P&ID àti ìjọba Nàìjíríà ló jọ ṣe é ní 2010. Ní January 2017, méjì nínú àwọn adájọ́ àyàn mẹ́ta ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù dọ́là mẹ́fà àti ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù. Ta ni olórí wọn? Lord Hoffmann kan náà. Èlé gbé e kọjá bílíọ̀nù mọ́kànlá. Ní October 23, 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní kọ́ọ̀tù London rí i pé P&ID ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan lówó ẹ̀yìn, wọ́n purọ́ níwájú àwọn adájọ́ àyàn, ìwé àṣírí àwọn lọ́yà Nàìjíríà sì wà lọ́wọ́ wọn. Abala 68 òfin 1996, tó kan ìdájọ́ tí a fi jìbìtì gbà, ló lò láti gbè Nàìjíríà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí adájọ́ àyàn ń gbọ́ ẹjọ́ ló ká P&ID mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti dájọ́ tán.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ ta ko irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. December 2019 ni Nàìjíríà dé, ó ti lé lọ́dún méjì àbọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ kí Adájọ́ Ross Cranston tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ní September 2020. Nílé níbí, oṣù mẹ́ta ni òfin 2023 fún ẹ.