Kì í ṣe òkú ló ń pa èèyàn ní Lake Lanier

Ẹ̀gbọ́n wa kan tún ju fọ́ìsì nóòtù oníṣẹ́jú mẹ́fà sórí gúrúùpù wa lálẹ́ àná, pé kí ẹnikẹ́ni tó wà ní Atlanta má gbé ọmọ ẹ̀ lọ sí Lake Lanier, adágún ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, nígbà ooru yìí, pé ìlú àwọn dúdú ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn, ìjọba ló ṣí omi lù wọ́n mọ́lé, òkú wọn ń bínú, àwọn ló ń fa ẹsẹ̀ èèyàn wọlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo gúrúùpù ti ń ṣe àmín, ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Èmi náà ṣe àmín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń pàgọ́ létí adágún yẹn, mò ń wa bóòtù lórí ẹ̀, mò ń pẹja nínú ẹ̀ tọ̀sán tòru, mo sì ti fojú ara mi rí ohun tó ń gbé èèyàn lọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Oscarville ni wọ́n ń sọ, ìletò àgbẹ̀ ni, ní Forsyth County. Lóṣù September 1912 wọ́n bá ọmọbìnrin òyìnbó kan nínú igbó lágbègbè yẹn, wọ́n ti lù ú dójú ikú, wọ́n sì di ẹ̀bi ẹ̀ ru àwọn dúdú àdúgbò. Wọ́n wọ́ Rob Edwards, ọ̀kan nínú wọn, jáde látinú ẹ̀wọ̀n ní Cumming, wọ́n pa á, wọ́n gbé òkú ẹ̀ kọ́ òpó. Ernest Knox àti Oscar Daniel, kò sí èyí tó tíì pé ogún ọdún nínú àwọn méjèèjì, wọ́n yẹgi fún wọn lóṣù October. Lẹ́yìn náà làwọn kan ń gun ẹṣin kiri lóru, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń dáná sun ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, títí tí àwọn dúdú bí 1,100 fi sá kúrò ní gbogbo Forsyth. Ó di 1950 kí U.S. Army Corps of Engineers, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ Buford Dam, ìdídò tí wọ́n fi sé odò Chattahoochee tó fi di adágún yìí, 1956 ni wọ́n sì ti ẹnu ẹ̀ tí omi wá ń kún. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló wà láàárín! Àwọn dúdú tí ẹ ní omi bò mọ́lé, ìbọn àti iná ló lé wọn, àwọn tó yìnbọn ọ̀hún sì lójú, wọ́n nímú, wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá wá ń pariwo pé omi ló ṣe é, ó ń bá wọn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni, torí omi ò lè jẹ́jọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ tún ń béèrè àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Ìjọba ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé tó lé ní 250, wọ́n tú ilé, wọ́n kó òmíì lọ, wọ́n sun òmíì, wọ́n hú òkú ní nǹkan bí ogún ibi ìsìnkú, wọ́n tún un sin síbòmíì. Ó ṣeé ṣe kí sàréè tí kò ní àmì ṣẹ́ kù, mi ò ní bá yín jiyàn ìyẹn. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 2007, omi yẹn fà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ohun táwọn èèyàn lọ ń wò ni kùkùté igi, títì àtijọ́, àti ibi ìjókòó oníkọnkéré ti pápá kan tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré nígbà kan nítòsí Gainesville. Ti obìnrin tí wọ́n ní ó ń rìn lórí afárá lóru, mọ́tò ló já sómi pẹ̀lú obìnrin méjì nínú ẹ̀ ní 1958, wọ́n sì rí mọ́tò náà ní 1990 nígbà tí wọ́n ń ṣe afárá tuntun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ tó ń fa èèyàn yẹn, ó ti fa èmi náà rí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo pàgọ́ sí Duckett Mill, mo ti ju ìwọ̀ sí ibi tó jìn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ilẹ̀ ti ń ṣú, ni okùn bá le gbagidi. Mo fà á, ó fà mí. Mo dẹ̀ ẹ́, ó tún fà mí, nítorí bóòtù ń sún lọ díẹ̀díẹ̀ ni èmi ò sì mọ̀. Àyà mi já, mo pe orúkọ Jésù, mi ò purọ́. Nígbà tó jàjà jáde, ẹ̀ka igi ni, ó dúdú bí èédú, ó ń yọ̀, ìwọ̀ àwọn ẹlòmíì mẹ́rin ló há sí i lára, ọ̀kan ti dípẹtà tán. Wọn ò gé gbogbo igi tó wà ní àfonífojì yẹn kí omi tó dé, àwọn tó wà níbi tó jìn, ṣe ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lóòró, ẹ̀rọ tí a fi ń wá ẹja á sì fi wọ́n hàn yín kedere lójú ẹ̀. Àwa apẹja ń wá wọn kiri ni, torí ìdí wọn ni ẹja bass máa ń sá sí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ń pa èèyàn. Adágún yẹn tó 38,000 éékà, kò jìnnà sí Atlanta, ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́wàá ìgbà lọ tí àwọn èèyàn ń yà síbẹ̀ lọ́dún. Àwọn tó kú níbẹ̀ láti 1994 lé ní 200. Ó pọ̀, ọmọ èèyàn ni gbogbo wọn, àmọ́ ẹ pín in, kò tó ẹnì kan nínú mílíọ̀nù ìgbà tí èèyàn yà síbẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kú. Àkọsílẹ̀ US Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà, fún 2022, ti gbogbo Amẹ́ríkà lápapọ̀, sọ pé nínú àwọn tó kú nínú ìjàǹbá bóòtù tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi gbé, nínú àwọn tí omi gbé ọ̀hún, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ òkú ló ń fa èèyàn, jákẹ́ẹ̀tì ò ní dá a dúró. Ohun tó sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa irú ìjàǹbá tó ń mú ẹ̀mí lọ bẹ́ẹ̀, ọtí ni. Ní 2012, lórí Lanier yìí kan náà, ẹnì kan tó ti mutí yó fi bóòtù ẹ̀ kọlu bóòtù ẹlòmíì, ọmọ ìyá méjì ló kú, ọmọdé ni àwọn méjèèjì. Nígbà ooru yẹn náà ni jet ski, alùpùpù orí omi, pa ọmọ ọdún mọ́kànlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Georgia dín ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń wa bóòtù kù láti 0.10 sí 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ní dandan ni kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí bóòtù bá ti ń lọ. Òfin ni wọ́n ṣe, torí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ṣiṣẹ́.

Ìdí kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò gun bóòtù rárá náà ń kú, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Lanier kì í ṣe ọ̀sà tí ilẹ̀ ẹ̀ ń rọra dà wálẹ̀. Àfonífojì àti òkè ni wọ́n rọ omi sí, ibi tẹ́ ẹ dúró sí létí omi yẹn, ẹ̀gbẹ́ òkè ni, amọ̀ pupa tó ń yọ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé bá wa lọ, kò mọ̀ wẹ̀, ó dúró nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, ó ń fi fóònù ya ara ẹ̀, ó sún ẹsẹ̀ kan síwájú kí àgọ́ wa tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lè wọ inú fọ́tò. Kò pariwo. Kò ju ọwọ́. Èmi ń yí ẹran lórí iná, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ìyàwó mi ló ní "ibo ló wà?" Òyìnbó tó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bẹ́ sómi tòun ti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó fi irun fà á jáde. Amọ̀ pupa kún abẹ́ èékánná ọmọ yẹn fọ́fọ́. Nígbà tó mí tán, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé nǹkan kan fa òun lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ wo? Kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mú ọ̀pá ìwọ̀ mi tó gùn jù mí lọ, mo ki í bọ ibi tó dúró sí, omi mu ún dé ìbàdí mi. Mo nawọ́ síwájú díẹ̀ sí i, mo tún kì í bọ̀ ọ́, ọ̀pá wọlẹ̀ tán, kò kanlẹ̀. Mo ní kó dì í mú fúnra ẹ̀. Ó kì í bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ ó ní àwọn tó mọ̀ wẹ̀ dáadáa náà ń kú. Bẹ́ẹ̀ ni, òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, àwọn bàbá wa ti mọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Lanier. Ẹni tó mọ̀ wẹ̀ ló ń bẹ́ láti orí bóòtù láìwọ nǹkan lẹ́yìn bíà mẹ́rin. Ní July 2023 ẹnì kan bẹ́ sómi níbi tí wọ́n ń so bóòtù mọ́, iná mànàmáná ló gbé e. Nílé wa náà ńkọ́? Lóṣù May 2021 ọkọ̀ onígi tó ń lọ sí Wara ní Kebbi fọ́ lójú Odò Ọya, 80 ló yẹ kó gbé, ó lé ní 150 tó wà nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ di ìyẹn ru òkú?

Níbi tí a ti yá bóòtù lọ́dún tó kọjá, jákẹ́ẹ̀tì àgbà ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ mi, ó ń bọ́ gba orí wọn jáde, nígbà tí mo sọ̀rọ̀ wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Mo dá bóòtù wọn padà, mo lọ ra ti àwọn ọmọ. Irú nǹkan tí mo fẹ́ ká máa fi fọ́ìsì nóòtù sọ fún ara wa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mo ti gba ààyè àgọ́ ní Old Federal fún Fúráìdè tó ń bọ̀, àwọn ọmọ yín lè bá wa lọ, ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀. Ẹ kàn sọ ìwọ̀n ara wọn fún mi kó tó di Tọ́sìdeè, kí n lè mú jákẹ́ẹ̀tì tó bá wọn mu dání.