Ẹ yé fi Berlusconi ṣe bàbá Milan

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá Ọláìyá, wọ́n mú iná lọ láàárín eré Milan, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ítálì. Kí wọ́n tó rí epo bù sí jẹnẹrétọ̀, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì pupa òun dúdú ní Berlusconi, olówó ilẹ̀ Ítálì tó ṣe olórí ìjọba ibẹ̀ rí, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń jẹ ogún rẹ̀ títí dòní. Mo ní irọ́ ni. Ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ọmọ ẹ̀ dà? Sàréè ẹ̀ dà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n máa sọ ọ́ lójú mi lọ́dún yìí, ó sì ti sú mi.

Ti ọjọ́ orí kò tiẹ̀ yẹ kó gbà wá lásìkò. Ọdún 1899 ni wọ́n dá Milan sílẹ̀, ọdún 1936 ni wọ́n bí Berlusconi. Ṣé látọ̀run ló ti dá a sílẹ̀ ni? Ọdún 1986 ló rà á. Kó tó rà á, Milan ti na Benfica ní 2-1 ní Wembley lọ́dún 1963, wọ́n gba ife ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì tún gbà á lọ́dún 1969. Òótọ́ ni pé lábẹ́ tirẹ̀ wọ́n gba ife yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ẹni tó ra ilé tó wá kùn ún lọ́dà ni. Ti ogún wá ńkọ́? Ó ti ta ẹgbẹ́ náà lọ́dún 2017, ó sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún. Láti 2022, ilé iṣẹ́ RedBird ti Amẹ́ríkà ló ni ín. Ogún wo làwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀?

Herbert Kilpin lorúkọ ẹni tí ẹ ń wá. Ọmọ alápatà ni, Nottingham ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1870. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó ẹgbẹ́ kan jọ tí wọ́n sọ lórúkọ Garibaldi, jagunjagun ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù pupa. Lọ́dún 1891, iṣẹ́ aṣọ gbé e lọ sí ìlú Turin, lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Edoardo Bosio, kó tó bọ́ sí Milan. Níbẹ̀ lòun àtàwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Milan Foot-Ball and Cricket Club sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ará Ítálì wo ló ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì? Àwọn ọmọ ìlú náà, Milano ni wọ́n ń pe ìlú wọn, àmọ́ ẹgbẹ́ ń jẹ́ Milan, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ "Oshogbo" sílẹ̀ fún àwa náà tó fi wà nínú ìwé àtijọ́ di bá a ṣe ń wí yìí. Ìjọba Mussolini tiẹ̀ fipá yí i sí Milano. Ogun parí, wọ́n dá a padà.

Kilpin gbá bọ́ọ̀lù, ó ṣe kóòṣì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Ítálì lọ́dún 1901, 1906 àti 1907. (Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun máa ń fi ìgò wisikí pa mọ́ sẹ́yìn ilé gólì, pé bí wọ́n bá ti gbá a wọlé sáwọn lára, òun á lọ fi díẹ̀ tu ara òun nínú.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sàréè tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ní Òṣogbo níbí, a kì í wá sàréè bàbá wa kiri. Ojúde ló wà, tàbí inú ilé gan-an, à ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn fi dà bí ọgbọ́n létí àwọn èèyàn. Kilpin gbéyàwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bímọ. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1916 ló kú sí Milan, lẹ́ni ọdún 46, ogun àgbáyé ń jà lọ́wọ́. Àjèjì ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, kò sì lọ́mọ tí yóò máa tún ojú oórì ṣe. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nù nìyẹn. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ń gba ife lọ tí wọn ò mọ ibi tó sùn sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 dé, olólùfẹ́ Milan kan jókòó ti àwọn ìwé itẹ́ òkú, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí i ní Cimitero Maggiore, lápá ibi tí wọ́n ń sin àwọn Kristẹni tí kì í ṣe Àgùdà sí. Lọ́dún 1999, ẹgbẹ́ Milan sanwó òkúta tuntun, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí Cimitero Monumentale, níbi táwọn èèyàn ńlá ìlú náà sùn sí. Lọ́dún 2010, lẹ́yìn táwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ ìjọba ìlú, orúkọ rẹ̀ wọ Famedio, gbọ̀ngàn àwọn ẹni iyì.

Ẹ wá dá mi lóhùn: lọ́dún 1999, ọwọ́ ta ni Milan wà? Ọwọ́ Berlusconi ni! Abẹ́ rẹ̀ lẹgbẹ́ náà ti yọ owó lápò láti fi tún sàréè olùdásílẹ̀ ṣe, òun sì ń mí, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ òun ni olùdásílẹ̀, òkú ta ni wọ́n ń náwó lé lórí?

Mo mọ bí irú irọ́ yìí ṣe ń gbilẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lójúlé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, télọ̀ ni, òun ló kó àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Àjákù aṣọ oníbàárà ló fi rán jẹ́sì àkọ́kọ́, apá ọ̀tún kò bá tòsì mu. Lẹ́yìn náà ni onímọ́tò kan kó dé àdúgbò, ó ra bàtà, ó ra bọ́ọ̀lù gidi, ó ń se ìrẹsì fún wọn bí wọ́n bá ti borí. Kò pé ogún ọdún, gbogbo ẹnu ti ń wí pé onímọ́tò ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwé tí bàbá mi fi ń kọ owó dídá wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé àkọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí ọkùnrin náà dé. Sàréè télọ̀ wà lójúde wa, ọmọ rẹ̀ méje ń bẹ láyé, wọ́n ń pariwo, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bí ọlọ́mọ méje bá lè pòórá bẹ́ẹ̀ nínú ìlú rẹ̀, ti Kilpin wá yà yín lẹ́nu?

Ó dáa, àwọn mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ lóòótọ́: Alfred Edwards ni ààrẹ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń jiyàn bóyá ọjọ́ 13 ni tàbí ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá. Berlusconi ò sí nínú èyíkéyìí.

Lọ́jọ́rú ni mo tún bá ọmọkùnrin yẹn pàdé lọ́dọ̀ fọganáísà, mo sì rọ gbogbo rẹ̀ sí i létí. Kò jiyàn Berlusconi mọ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ ọmọ kan péré, kò bí?"