Àgbo asùnwọ̀n ò lè yọ ọ̀rá o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé àgbo asùnwọ̀n á yọ kílò 10 lára èèyàn lọ́sẹ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, omi àti iyọ̀ ara ló ń bá a lọ, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti mumi tẹ́ ẹ jẹun ìwọ̀n yẹn á padà, tó bá wá pọ̀ jù ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù láàmú, ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà mí. Kéèyàn dín ìdajì kílò sí kílò kan kù lọ́sẹ̀ ti tó. Kò sẹ́ni tó ní ká má jẹyán l'Óǹdó, ẹ ṣáà dín òkèlè kù, kẹ́fọ̀ọ́ pọ̀, ẹ fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Alágbàka l'Ákùrẹ́ dípò ọ̀kadà.